Nígbà tí Àmì Ohùn Kò Ríbi Jókòó

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòṣe ìkànnì tí wọ́n ń tà lórí ayélujára ni wọ́n gé sí ìwọ̀n èdè tí kì í dé fìlà, tí kì í sì í wọ bàtà. Bí a bá yọ àmì kékeré orí i àti j kúrò, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò ru ohunkóhun, kò sì tẹ ohunkóhun mọ́lẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ bíi "ọ̀wọ̀": àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀, lẹ́tà wà láàárín bí ẹni tó ru ẹrù tó sì tún wọ bàtà gogoro. Bí ẹ bá mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí àjà rẹ̀ kò ga, orí ni yóò kọ́kọ́ fi gbá nǹkan. Ohun tí ojú mi rí nìyẹn nígbà tí mo ń tún ìkànnì iṣẹ́ àdìrẹ ìyá mi tò ní Abẹ́òkúta, mo sì rò pé yóò wúlò fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ ìdílé yín, oríkì yín tàbí ìtàn àwọn òbí yín sórí ayélujára ní èdè wa.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni ìyá mi ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọ̀dọ̀ ìyá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti rìn wọ ọjà Ìtòkú yóò mọ̀ pé ìda gbígbóná àti àwọ̀ tí wọ́n pò ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú aṣọ tí à ń pè ní àdìrẹ lóde òní. Ẹlẹ́kọ yàtọ̀. Wọn yóò fi gbáàgúdá se ẹ̀kọ tó ki, wọn yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀, wọn yóò sì fi ya àwòrán sára aṣọ funfun. Bí aṣọ náà bá wọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró tán. Ibẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Olókun wà. Ìbàdàn Dùn wà, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí. Àwọn méjèèjì yìí lókìkí, wọ́n sì ti wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, orúkọ aṣọ 41 ló wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni n kò sì tíì rí níbòmíràn rí.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni dókítà sọ fún wa pé glaucoma ti wọ ojú wọn. Àìsàn yìí máa ń ba iṣan tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá ti mú lọ nínú ìríran kì í padà wá. Oògùn kàn ń gbìyànjú láti pa èyí tó kù mọ́ ni. Wọ́n ṣì ń ríran, wọ́n ṣì ń kàwé, ṣùgbọ́n òkùnkùn ti ń rá wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi dá a lábàá pé kí a gbé àwọn aṣọ náà àti orúkọ wọn sórí ayélujára, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn sí i.

"Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí èmi fúnra mi yóò lè kà lórí fóònù mi. Bí orúkọ aṣọ kan ṣoṣo bá ṣì, ẹ palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́."

Àdéhùn yìí le ju bó ṣe dún létí lọ. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ya aṣọ. Ẹ̀kọ́ ni ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá wọn. Àmì kan péré ló là wọ́n láàárín, orí lẹ́tà tó ti ní àmì lábẹ́ tẹ́lẹ̀ ló sì jókòó sí. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwòṣe àwọn òyìnbó kò pèsè ààyè fún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan la kọ́kọ́ sanwó fún. Ó lo WordPress, èyí tí ó ti wà láti 2003, ó sì ra àwòṣe kan tó rẹwà lé e lórí. Lójú kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó ṣe àwòṣe náà kó sínú rẹ̀, ó dára bí ojú ìwé ìròyìn olówó iyebíye. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tiwa wọ inú rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àkọlé gbogbo pàdánù àmì orí. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan á sanra, èkejì á tín-ín-rín. Lórí fóònù ìyá mi, gbogbo ojú ìwé ń yọ̀ sápá ọ̀tún, tó fi jẹ́ pé ìdajì orúkọ aṣọ máa ń wà ní ìta. Mo fi hàn án. Ó ní, "Ẹ yọ àwọn àmì yẹn kúrò, ó máa tò. Ta ló ń ka àmì?" Lẹ́yìn náà, kò gbé ìpè wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ohun tó jọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ojoojúmọ́ la ń kọ Yorùbá aláìlámì síra wa lórí WhatsApp, kò sí ẹni tó ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, èmi àti òun mọ ohun tí à ń sọ bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló ń túmọ̀ èyí tó tẹ̀lé e. Orúkọ aṣọ kò ní ọ̀rọ̀ kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Ó dá dúró lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ìyá mi rí, àmì yẹn nìkan ni yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Nígbà tó di 1875, àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó nítorí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Kò yẹ kí àwòṣe tí ẹnìkan rà lórí ayélujára wá tú ohun tí àwọn èèyàn ti ń tò bọ̀ láti ìgbà náà.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, n kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wá náírà mẹ́wàá tó sọnù nínú ìwé owó ọlọ́dún kan yóò lè wá ibi tí àkọlé ti pàdánù àmì rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà fúnra rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Unicode sì ni ìwé ńlá tí wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà náà sí. Lẹ́tà é ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E9. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kankan. Méjì la máa ń so pọ̀: a ó kọ ẹ, a ó wá fi àmì òkè, U+0301, tẹ̀lé e, fọ́ǹtì ni yóò sì pinnu ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Fọ́ǹtì tó mọṣẹ́ yóò gbé e lé àárín orí. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Bí fọ́ǹtì kò bá tilẹ̀ ní ẹ rárá, aṣàwákiri bíi Chrome tàbí Firefox yóò lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan fi sanra tí èkejì fi tín-ín-rín, bí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀já mìíràn lẹ̀.

Ohun kan dùn mọ́ mi nínú ìwádìí yìí. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ. Àmì ohùn ni ẹ̀kán tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe àmì ìró fáwẹ̀lì bíi tiwa. Nítorí náà, fọ́ǹtì tó bá pèsè fún èdè Vietnam yóò ní ẹ àti ọ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Vietnam kò ní ṣ. Bí ẹ bá rí ìkànnì Yorùbá tí ẹ àti ọ rẹ̀ gún régé, tó jẹ́ pé ṣ nìkan ló dà bí àlejò, ẹ ti mọ ohun tó fà á.

Kí ẹ tó fẹ́ fọ́ǹtì kankan, ẹ dán an wò. N kò lo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó le ni mo kó jọ: ṣẹ̀ṣẹ̀, ọ̀ṣọ́, ǹjẹ́, ńlá, Ẹ̀GBỌ́N, GBỌ̀NGÀN. Mo kọ wọ́n ní lẹ́tà kékeré àti ńlá, ní èyí tó dúró gbọnrangandan àti èyí tó tẹ̀, mo sì wò wọ́n lórí fóònù mẹ́ta. Fọ́ǹtì mẹ́fà ló ṣubú. Noto Serif ló dúró. Google ló ṣe agbo fọ́ǹtì Noto kí àpótí òfìfo má baà máa yọ níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. "Tofu" ni wọ́n ń pe àpótí náà, ibẹ̀ sì ni orúkọ Noto ti wá, pé kò sí tofu mọ́.

Fọ́ǹtì tò, síbẹ̀ àkọlé kò lórí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé pé, àkọlé nìkan ni wọ́n ń bẹ́ lórí. Ìyàtọ̀ yẹn ló sọ ibi tí mo máa wá a sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀bi fọ́ǹtì ni, ìyà náà ì bá kan gbogbo ọ̀rọ̀. Òfin tó de àkọlé nìkan ni mo ní láti yẹ̀ wò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ ohun tó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ sì yan Inspect: aṣàwákiri yóò ṣí gbogbo òfin CSS tó de ohun náà sílẹ̀. CSS ni èdè tí wọ́n fi ń sọ bí ojú ìwé yóò ṣe rí. Håkon Wium Lie ló dá a lábàá ní 1994. Mo rí òfin mẹ́ta tí wọ́n dìtẹ̀. Àkọ́kọ́, line-height: 1, èyí tó fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gíga lẹ́tà, láìsí àlékún kankan. Èkejì, overflow: hidden, pé ohunkóhun tó bá yọ kọjá àpótí, kí wọ́n gé e dànù. Ẹ̀kẹta, text-transform: uppercase, tó ń sọ gbogbo àkọlé di lẹ́tà ńlá, tó sì ń ti àmì ohùn sókè sí i. Kò sí èyí tó burú fún Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn. Fún wa, ọ̀bẹ ni.

Mo sọ àkọ́kọ́ di 1.5, mo sọ èkejì di visible, mo sì pa ẹ̀kẹta rẹ́. Orí padà. N kò fẹ́ràn àkọlé onílẹ́tà ńlá fún Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dà bí ẹni tó ń pariwo pẹ̀lú gèlè mẹ́ta lórí. Ìlànà WCAG 2.1, tí àjọ W3C gbé jáde ní 2018, sọ pé ojú ìwé kò gbọdọ̀ bàjẹ́ bí òǹkàwé bá fẹ àlàfo ìlà dé ìlọ́po 1.5. Tìtorí àwọn tí ojú ń dùn ni wọ́n ṣe kọ ìyẹn, ó sì gbe àwọn tó ń fi àmì kọ èdè wọn bákan náà.

Ẹ má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bó bá tò, ẹ kò ní mọ èyí tó tún un ṣe. Bí ìfura bá pọ̀, ẹ ṣe é bí oníṣẹ́ iná ṣe ń ṣe: ẹ pa ìdajì, ẹ wò ó bóyá àìsàn náà ṣì wà, tó bá ti lọ, inú ìdajì tí ẹ pa ló wà. Báyìí náà ni mo ṣe rí i, láàárín àfikún 16 tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kó sórí WordPress wa, pé ọ̀kan wà tó ń fi fọ́ǹtì tirẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún nǹkan ṣe tí kò sì yí padà, ẹ kọ́kọ́ ní kí aṣàwákiri gbàgbé ohun tó tọ́jú. Ó lè jẹ́ ojú ìwé àná lẹ ń wò. Kí ẹ sì kọ àtúnṣe yín sínú àwòṣe ọmọ, èyí tí WordPress ń pè ní child theme, kì í ṣe sínú àwòṣe ìyá. Lọ́jọ́ tí ìyá bá gba ẹ̀dà tuntun, gbogbo ohun tí ẹ kọ sára rẹ̀ ni yóò parẹ́.

Yíyọ̀ sápá ọ̀tún ni ó gba àkókò jù, nítorí pé ohun tó fà á kò sí níbi tí ojú ti ń rí i. Fóònù ìyá mi kò fẹ̀ ju píksẹ́lì 360 lọ. Mo fi òfin kan, outline: 1px solid red, de gbogbo ohun tó wà lójú ìwé, ìlà pupa sì yí àpótí kọ̀ọ̀kan ká. Gbogbo wọn ló jókòó jẹ́ẹ́ láàárín ojú fóònù àyàfi ẹyọ kan nísàlẹ̀ pátápátá: tábìlì iye owó, tí wọ́n ti so mọ́ píksẹ́lì 700. Nítorí tirẹ̀ ni odidi ìwé fi ń yọ̀. Láti 2010 tí Ethan Marcotte ti kọ̀wé lórí bí ojú ìwé ṣe lè máa fẹ̀ tàbí kó sún kì ní ìwọ̀n ẹ̀rọ tó bá bá ara rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń kan ohunkóhun mọ́lẹ̀ báyẹn mọ́. Mo tú tábìlì náà ká, mo sì fi iye owó aṣọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àwòrán rẹ̀.

Nígbà náà ni mo tó gbé e fún ìyá mi. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa àmì. Wọ́n ti retí pé kó wà. Àwọn àwòrán ni wọ́n ń wò. "Àwọn aṣọ wọ̀nyí kò mí," ni wọ́n wí. Wọ́n fa aṣọ funfun kan yọ, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n tún ṣẹ́ ẹ po, wọ́n sì tú u: ìlà tó mú lára rẹ̀ ti pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí àlàfo etí aṣọ, èyí tí wọn kì í ya àwòrán ńlá sí. "Ibí yìí ni ojú ti ń sinmi kó tó wọlé." Mo ti ń ka ìwé lórí CSS grid fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n sì ń fi aṣọ fi í hàn mí ní ìṣẹ́jú kan. A tò ó bí wọ́n ṣe wí: aṣọ kan gbòòrò lókè, méjì méjì nísàlẹ̀, etí fẹ̀ yí ká.

Àwọ̀ náà di tiwọn. Àwòṣe yẹn fi lẹ́tà eérú sórí funfun, ó rẹwà lójú ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká. WCAG ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1. Ìyá mi kò mọ nọ́ńbà yẹn. Wọ́n ní kí n fi aró tó dúdú jù lọ kọ ọ̀rọ̀ sórí àwọ̀ ẹ̀kọ. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó kọjá ohun tí ìlànà béèrè fíìfíì.

Ìṣòro kan kù tí ojú kò lè rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ ìdajì àwọn orúkọ lórí fóònù rẹ̀, èmi tẹ ìdajì yòókù lórí kọ̀ǹpútà. A lè kọ ẹ́ bí ẹ tó gba àmì òkè, a sì lè kọ ọ́ bí é tó gba àmì ìsàlẹ̀. Ojú rí ohun kan náà, ẹ̀rọ rí nǹkan méjì. Bí a bá wá "ẹlẹ́kọ", ìdajì aṣọ ni yóò jáde. Ìlànà kan wà nínú Unicode tí wọ́n ń pè ní NFC tó máa ń sọ gbogbo wọn di ọ̀nà kan. A gba gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ní ti àwọn oníbàárà tí kò ní kọ àmì rárá, a gba ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi: orúkọ aláìlámì wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá tẹ "adire eleko" yóò fi débẹ̀. Bó bá wá wọlé, tòun tàmì ni orúkọ aṣọ yóò kí i. Mo sì yí èdè ìkànnì náà padà láti en sí yo, nítorí aṣàwákiri ti ń fi òfin Gẹ̀ẹ́sì gé ọ̀rọ̀ wa sí méjì ní ìparí ìlà.

Ìyá mi ka gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n fẹ lẹ́tà dé ìlọ́po méjì, kò sí ohun tó yọ̀ tàbí tó gé. Sókè ni wọ́n ń kà á, bí wọ́n ṣe máa ń ka Bíbélì, ní orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní orúkọ 41 pé, ṣùgbọ́n aṣọ kò pé. Òótọ́ ni. Mẹ́tàlá nínú wọn ni a kò ní àwòrán rẹ̀, nítorí wọ́n ti ta aṣọ náà láti ọdún pípẹ́, ìyá mi nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe rí.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn òwúrọ̀ bá ti kún àgbàlá, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ìmọ́lẹ̀ bá ojú wọn mu jù lọ, wọ́n máa ń jókòó ti ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìẹ. Mẹ́rin ti jáde nínú aró. Mo fi àpótí mẹ́sàn-án tó kù sílẹ̀ lófo lójú ìkànnì náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ tirẹ̀, tòun tàmì.